Òfin Ni Iṣẹ́ tí A Rán Aṣòfin

(Àkòrí: "Ó sàn kí aṣòfin ìpínlẹ̀ wá ṣàlàyé òfin fún àwọn tí ó dìbò yàn án ju kí ó wá ka iye kànga tí ó gbẹ́ fún wọn lọ." Sọ èrò ọkàn rẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí.)

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Bí ọmọdé bá ti ọjà dé, ìyá tí ó rán an ni yóò kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Yóò ka owó tí ó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, yóò sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́jà. Bí ó bá dé tí ó kàn ń pín gúgúrú fún àwọn ọmọ ilé, tí kò sọ̀rọ̀ iyọ̀ àti epo tí a rán an, inú àwọn ọmọ ilé lè dùn, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ yóò béèrè ibi tí owó gúgúrú ti wá.

Ní èrò tèmi, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ rí. A rán an lọ sí Àkúrẹ́ pé kí ó lọ bá wa ṣe òfin, kí ó sì bá wa ṣọ́ owó ìlú. Nígbà tí ó bá padà wálé láti jábọ̀, òfin àti owó ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kànga lè tẹ̀ lé e, bí kànga bá wà. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ni pé kànga ni ìbẹ̀rẹ̀ ìjábọ̀, kànga náà ni òpin rẹ̀, a óò sì tú ká láì gbọ́ gbólóhùn kan nípa òfin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ìlú àwọn àna mi ni. Kì í ṣe Ìgbàrà-Òkè níbí, kì í sì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ rárá. N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò sí níbí láti gbẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Aṣòfin wọn pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ìlú ní ọjọ́ Sátidé kan. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n to àga oníke, àwọn onílù sì ti dé kí oòrùn tó mú. Agogo mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè. Agogo méjìlá kọjá kí ọkọ̀ rẹ̀ tó yọ. Ó kí ọba, ó kí àwọn ìjòyè, ó kí àwọn ìyálọ́jà, ó wá mú ìwé kan jáde láti inú àpò agbádá rẹ̀. Ó kà á sí wa létí: kànga ẹ̀rọ mẹ́ta, tíráńsífọ́mà kan, ẹ̀rọ ìránṣọ ogún, alùpùpù mẹ́wàá, àti owó ìdánwò tí ó san fún ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ó ti ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìlù ń dún. Èmi náà pàtẹ́wọ́, n kò ní purọ́. Ẹni tí ó bá san owó ìdánwò fún ọmọ tálákà ṣe ohun tí ó dára, mo sì ti rí ọmọ tí ó gbọ́n gan-an tí ó jókòó sílé fún ọdún kan gbáko nítorí owó náà.

Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tí ó bá ní ìbéèrè dìde, obìnrin kan dìde ní ọwọ́ ẹ̀yìn. Ó ní òun kò wá gba ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní ọkọ òun ti kú, àwọn ẹbí ọkọ sì ti fi àgádágodo ti yàrá tí òun ń sùn àti ṣọ́ọ̀bù tí òun àti olóògbé jọ dá sílẹ̀. Wọ́n ní kí òun máa lọ sí ilé bàbá òun, àyàfi bí òun bá gbà láti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n là sílẹ̀ fún opó. Ó wá béèrè pé, "Ẹ̀yin ni ẹ wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe òfin. Ǹjẹ́ kò sí òfin kankan tí ó lè gba irú wa sílẹ̀?"

Aṣòfin náà dáhùn pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. N ó bá olórí ẹbí sọ̀rọ̀." Ó yọ owó, ó fi rán ọmọkùnrin kan sí i. Àwọn onílù tún gbé e.

Òfin wà. Ohun tí ó ká mi lára jù ní ọjọ́ náà nìyẹn. Ní ọdún 2015 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin tí ó de ìwà ipá sí ọmọnìyàn. Òfin náà ka fífi ìyà jẹ opó sí ẹ̀ṣẹ̀, ó ka lílé ènìyàn jáde kúrò nínú ilé rẹ̀ ní tipátipá sí ẹ̀ṣẹ̀, kò sì yọ àṣà ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 2021, ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe irú rẹ̀ tirẹ̀, gómìnà Rótìmí Akérédolú sì fọwọ́ sí i. Ilé tí aṣòfin yìí ń jókòó sí gan-an ni òfin náà ti jáde. Obìnrin yìí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹbí tí ó ti ìlẹ̀kùn kò mọ̀ ọ́n. Ọba tí ó jókòó síwájú kò sọ ohun kan. Bóyá aṣòfin náà mọ̀ ọ́n tí kò fẹ́ bá àwọn olórí ẹbí fa ọ̀rọ̀ ní gbangba, bóyá kò sì mọ̀ ọ́n rárá. N kò lè sọ èyí tí ó burú jù nínú méjèèjì. Àbúrò ìyàwó mi ni ó mú obìnrin náà lọ bá agbẹjọ́rò kan lẹ́yìn náà. Ìwé kan ṣoṣo ni agbẹjọ́rò kọ sí àwọn ẹbí, tí ó sì tọ́ka sí òfin. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn. Owó tí aṣòfin fún un kò tó ra àgádágodo tuntun.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí agbára aṣòfin jẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ bí ẹni tí a rán ti tóbi tó. Ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Oǹdó jẹ́ 26. Láti Ìgbàrà-Òkè, Ìlárá-Mọ̀kín, Ìjàrẹ́, Ìpògùn àti gbogbo ìlú yòókù ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni a ń rán lọ. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé bá ti pé, ilé lè jókòó ṣe iṣẹ́. Nínú ènìyàn 26, ènìyàn 9 ti tó. Bí àwọn 9 yìí bá sì dìbò lórí àbá òfin, ohùn 5 ni yóò borí ohùn 4. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, bí a bá tẹ̀ lé ohun tí ó wà nínú ìwé, ènìyàn 5 lè fọwọ́ sí àbá tí yóò de gbogbo wa láti Àkókó títí dé etí òkun ní Ìlàjẹ. Bí gómìnà bá kọ̀ láti fọwọ́ sí àbá náà láàárín ọjọ́ 30, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé sì tún dìbò fún un, ìyẹn ènìyàn 18, ó di òfin láìsí ọwọ́ gómìnà nínú rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ kan náà ní ilé gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ 181, ó kéré tán, láàárín ọdún kan.

Ènìyàn tí ó ní irú agbára yìí, tí ó wá dúró níwájú wa tí ó ń ka ẹ̀rọ ìránṣọ! Ó dà bí ìgbà tí adájọ́ bá wá sí ìlú, tí ó sì ń ròyìn iye ìgbà tí ó gbá àgbàlá ilé ẹjọ́.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fún mi, nítorí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó mi. Wọ́n ní a kì í mu òfin, omi ni à ń mu. Wọ́n ní ẹni tí ó ń ru garawa ní agogo márùn-ún ìdájí kò ní àyè láti gbọ́ nípa àbá òfin kíkà lẹ́ẹ̀kejì. Òótọ́ ni. Èmi fúnra mi ń pọn omi ní kànga ẹ̀rọ tí orúkọ olóṣèlú wà lára rẹ̀, n kò sì lè sọ pé kí wọ́n wá dí i. Bí omi ẹ̀rọ ìjọba bá ń yọ bí ó ti yẹ, tí iná kò lọ, tí ilé ìwòsàn ní oògùn, àríyànjiyàn yìí kì bá tí wáyé. Ebi ni ó jẹ́ kí a máa béèrè gúgúrú lọ́wọ́ ọmọ tí a rán lọ ra iyọ̀. Èmi kò bá ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ jà.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a béèrè pé owó ta ni a fi gbẹ́ kànga náà. Bí ó bá jẹ́ owó tí ó wà nínú ètò ìnáwó ìpínlẹ̀, owó gbogbo wa ni, kò sì sí ìdí tí a ó fi kọ orúkọ ẹnì kan sí i lára bí ẹni pé ó ta oko bàbá rẹ̀ láti rà á. Bí ó bá jẹ́ owó àpò ara rẹ̀ ni, a jẹ́ pé ó ń ṣe ọrẹ. Ọrẹ dára, ṣùgbọ́n ọrẹ kì í ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ó ń yẹ ètò ìnáwó tí gómìnà bá gbé wá wò, tí ó sì ń fọwọ́ sí i. Ìròyìn olùyẹ̀wò owó ìpínlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé iwájú ilé náà, kí ìgbìmọ̀ kan nínú wọn lè gbé e yẹ̀ wò. Ọmọ ilé kan tí ó ka ìròyìn yẹn dáadáa, tí ó sì béèrè ibi tí owó omi ìpínlẹ̀ gbà, lè ṣe ohun tí yóò pọ̀ ju kànga mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ṣeé ya fọ́tò.

Ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, wọ́n gbìyànjú láti fi òfin tò ó. Ní ọdún 2003, wọ́n ṣe òfin tí ó ya ó kéré tán ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé fún ìjọba sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ní àwọn ẹkùn ìdìbò. Kíláàsì pọ̀ tí wọ́n fi kọ́, afárá pọ̀. Ní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ níbẹ̀ sọ pé ẹ̀dà òfin náà ti ọdún 2013 ta ko òfin ìpìlẹ̀ wọn. Ara ìdí tí wọ́n sọ ni pé ẹni tí ó ń ṣe òfin tí ó sì ń ṣọ́ owó kò gbọdọ̀ tún jẹ́ ẹni tí ń bójú tó níná owó náà. Ẹ kò lè jẹ́ aláago kí ẹ tún jẹ́ olùsáré nínú eré kan náà.

Ọ̀rọ̀ tíráńsífọ́mà tún burú ju ti kànga lọ. Àwọn olóṣèlú a máa gbé e wá pẹ̀lú àwòrán ara wọn tí ó tóbi ju ẹ̀rọ náà lọ. Kí ọdún 2023 tó dé, ìpínlẹ̀ kò ní agbára láti ṣe òfin lórí iná mànàmáná ní ibi tí okùn iná ìjọba àpapọ̀ bá ti dé. Ní oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe, ààrẹ Muhammadu Buhari sì fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ṣe òfin lórí bí iná yóò ṣe wá, ẹni tí yóò mú un wá, àti iye tí a ó máa san. Ní ọdún 2024, àjọ tí ń ṣàkóso iná fún ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ń gbé àṣẹ náà lé ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́wọ́. Èyí ni ìyípadà tí ó tóbi jù tí mo ti rí nínú ọ̀rọ̀ iná láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ aránṣọ tàbí ẹni tí ń lọ ata ní àdúgbò yín bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Tíráńsífọ́mà ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì mọ orúkọ ẹni tí ó gbé e wá.

Àìsí àlàyé yìí náà ni kò jẹ́ kí a mọ ẹni tí a ó bá wí. Ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá ní Ìgbàrà-Òkè. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni. Síbẹ̀, n kò mọ iye ìgbà tí mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń bú aṣòfin ìpínlẹ̀ nítorí kòtò tí ó wà lójú ọ̀nà yẹn. Ẹni tí a bá fẹ́ bú nítorí rẹ̀ ni aṣojú tí àwa àti àwọn ará Ìdànrè jọ rán lọ sí Àbújá, tàbí sẹ́nétọ̀ tí ń ṣojú Àárín Gbùngbùn Oǹdó. Aṣòfin ìpínlẹ̀ kì í sì í sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, nítorí pé bí ó bá sọ ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, a óò béèrè ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe pé òfin tí wọ́n ṣe kò kàn wá. Ní oṣù kẹta ọdún 2020 ni òfin Àmọ̀tẹ́kùn jáde ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n sì fẹnu kò pé kí fífi màlúù jẹko ní gbangba dópin. Ní oṣù keje wọ́n tún pàdé ní Èkó, wọ́n sì dá ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án fún un. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, òfin náà di òfin ní ìpínlẹ̀ wa. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jùlọ wa ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Ẹni tí màlúù bá jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán ní alẹ́ ọjọ́ kan ní láti mọ ibi tí yóò lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ohun tí yóò mú dání gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, àti ohun tí òfin kò gbà fún un láti ṣe. Àgbẹ̀ tí kò mọ òfin yóò yàn láàárín kí ó sunkún àti kí ó mú àdá. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ibi tí àdá máa ń yọrí sí. Bí aṣòfin bá lo wákàtí kan lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan ní ọjà, ó lè gba ẹ̀mí là, ti àgbẹ̀ àti ti darandaran.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ará ìlú kò lè gbọ́ àlàyé òfin, kí ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá yìí kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí tó dé ilé ayé. Ní ọdún 1952, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, S. O. Awókòyà, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn. Owó ni ó gbà, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì fi kún owó-orí. Bàbá mi máa ń sọ bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe ń lọ láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń jókòó sórí àpótí, tí wọ́n ń ṣàlàyé fún àgbẹ̀ ìdí tí yóò fi san owó lónìí kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé lọ́la. Kò dùn mọ́ àwọn ènìyàn nínú. Wọ́n bú wọn, wọ́n sì fi ìbò nà wọ́n: nínú ìdìbò àpapọ̀ ti ọdún 1954, ẹgbẹ́ alátakò ni ó mú ìjókòó tí ó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà kò sá. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ṣí, gbogbo àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà sì lé ní 800,000. Ní ọdún 1956, àwọn kan náà tí ó bú wọn ni ó dìbò fún wọn padà. Èmi náà jẹ nínú irú rẹ̀, nítorí pé nígbà ìjọba Adékúnlé Ajáṣin, láti ọdún 1979, ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, bàbá mi kò sì san owó ilé-ẹ̀kọ́ lórí mi. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé ni wọ́n ṣàlàyé fún nígbà náà. Ṣé àwa tí a mọ̀wé ni kò lè gbọ́ ọ?

Èdè ni ìdènà kan tí mo mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ àwọn òfin wọ̀nyí, Gẹ̀ẹ́sì agbẹjọ́rò pàápàá, tí tíṣà fẹ̀yìntì bí èmi gbọ́dọ̀ kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n òfin ìpìlẹ̀ kò fi dandan lé e pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ máa sọ. Ó ní ilé lè pinnu láti máa fi èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà ṣe iṣẹ́ pẹ̀lú. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ti fi èdè Yorùbá jókòó ṣe iṣẹ́, ní ọdún 2018 sì ni gómìnà Akínwùnmí Ambode fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá di dandan ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà. Bí wọ́n bá lè fi Yorùbá jiyàn lórí òfin ní Èkó, níbi tí onírúurú ènìyàn pọ̀ sí, kò sí ohun tí ó ní kí a má lè tẹ òfin opó sí ojú ìwé méjì ní Yorùbá, kí a sì pín in ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ọjà Ìgbàrà-Òkè. Owó rẹ̀ kò tó owó àtíbàbà.

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa, n kò sì yọ ara mi sílẹ̀. Bí aṣòfin bá dé, ìwé ìbéèrè wa ti wà nílẹ̀: ẹ bá wa dá sí ìsìnkú, ẹ bá ọmọ mi wá iṣẹ́, ẹ rántí àwọn ọ̀dọ́. Mo ti gba ìrẹsì ọdún lọ́wọ́ olóṣèlú rí, mo sì jẹ ẹ́. Nígbà tí ó tún dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹnu mi kò gbọ́ láti béèrè ohunkóhun. Ìrẹsì náà ṣì wà ní ọ̀nà ọ̀fun mi.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan béèrè, ní Àkúrẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dé ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011 ni ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tí ó fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé ìjọba. Ará ìpínlẹ̀ Oǹdó kan kọ̀wé béèrè ìròyìn olùyẹ̀wò owó ìpínlẹ̀ fún ọdún 2012 sí 2014. Nígbà tí kò rí i gbà, ó gbé olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti olùyẹ̀wò owó lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Ilé ẹjọ́ náà ní òfin àpapọ̀ yẹn kò de ìpínlẹ̀. Kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí ó wà ní Àkúrẹ́ sọ pé ó de gbogbo ìpínlẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Àbújá sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà nínú ẹjọ́ mìíràn tí ó wá láti ìpínlẹ̀ Edo. Ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò yìí, tí ẹ ó pé ọdún 18 láìpẹ́, ẹ lè kọ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ tí mo ti kọ́ yín ní orí tí ó ṣáájú èyí, kí ẹ fi béèrè iye tí ìpínlẹ̀ ná lórí omi ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Kò ní jẹ́ ti máàkì nìkan.

Àwọn àna mi ti sọ fún mi pé aṣòfin wọn yóò tún pe ìpàdé kí ọdún tó parí. N ó wọkọ̀ lọ. N ó tètè dé, n ó sì jókòó sí iwájú níbi tí àwọn onílù kò ti ní bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ka kànga àti ẹ̀rọ tán, n ó na ọwọ́ sókè. N ó béèrè pé nínú ọjọ́ 181 tí ilé gbọ́dọ̀ jókòó, ọjọ́ mélòó ni ó wà níbẹ̀. N ó béèrè àbá òfin tí ó fọwọ́ sí àti èyí tí ó kọ̀, àti ìdí rẹ̀. N ó béèrè bóyá ó ti ka ìròyìn olùyẹ̀wò owó ti ọdún tí ó kọjá. Obìnrin tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ti sọ pé òun yóò bá mi jókòó, ó sì ní òun náà ní ìbéèrè tirẹ̀.